Ta Ló Ń Ti Àwo Ṣubú?

  

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan tí ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà. Ó ní òun sọ fún àwọn ọmọ náà pé àwọn sójà kì í jùmọ̀ gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí wọ́n bá ń kọjá lórí afárá, nítorí pé ìrìn wọn lè wó afárá. Ni àwọn ọmọ bá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn sì béèrè pé, "Sà, ṣé ẹsẹ̀ ènìyàn wá wúwo ju ọkọ̀ akẹ́rù lọ ni?" Olùkọ́ wa kò mọ èsì tí ì bá fún un. Ó ní kí n jọ̀wọ́, kí n gba òun lọ́wọ́ ìtìjú.

Mo rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọ náà kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀ rárá. Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa, tó kù díẹ̀ kó di ọ̀ràn ńlá. Bí ẹ bá gbọ́ ọ tán, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ afárá àti ọ̀rọ̀ tiwa yìí, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Obìnrin kan wà ládùúgbò wa tí ń ta àwo tánganran àti ife. Ìyá Aláwo ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ìsọ̀ rẹ̀ fara ti ìsọ̀ ọkùnrin kan tí ń fi ẹ̀rọ bá àwọn èèyàn lọ ata àti ẹ̀wà. Ní òdìkejì títì, ìyá àgbàlagbà kan máa ń jókòó síbẹ̀, ẹ̀kọ ni ó ń tà. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, tí Ìyá Ẹlẹ́kọ bá ti palẹ̀ igbá rẹ̀ mọ́, iwájú ìsọ̀ Ìyá Aláwo ni ó máa ń gbà lọ sílé, a sì máa kí i pé, "Ọmọ mi, o kú ọjà o, ó dàárọ̀."

Ó wá ṣe, àwo bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti orí pẹpẹ Ìyá Aláwo. Lọ́jọ́ kan, ẹyọ kan. Lọ́jọ́ kejì, méjì. Nígbà tí yóò fi tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, owó tó ti bá ilẹ̀ lọ ti tó owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ kan. Kò sí ọmọdé nítòsí, kò sí ológbò, kò sí ìjì. Ohun tó sì bà á lẹ́rù jù lọ ni pé ìrọ̀lẹ́ nìkan ni àwọn àwo náà ń já bọ́, ní àkókò gan-an tí Ìyá Ẹlẹ́kọ bá fẹ́ kọjá.

Ẹ̀yin náà mọ bí ayé ti rí. Wọ́n á ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe náà dùn létí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìyá arúgbó ló ti sọ di ẹni ìtanù láìṣẹ̀ láìrò. Ọ̀rọ̀ ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Àwọn tí ń ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún un. Lóru ọjọ́ kan, Ìyá Aláwo kan ìlẹ̀kùn mi. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú pé mo pẹ́ dé. Mo wá sọ fún yín ni, kí ẹ má baà ní n kò sọ. Lọ́la ni èmi àti àwọn àbúrò mi yóò mú ìyá yẹn lọ sí ààfin, yóò sì ka ohun tó ń fi ọjà mi ṣe níwájú Kábíyèsí."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó tó gbà láti fún mi ní ọjọ́ méjì péré.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé àpótí mi, mo lọ jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ láti òwúrọ̀. Mo bu gàrí díẹ̀, mo wọ́n ọn tẹ́ẹ́rẹ́ sórí pákó pẹpẹ náà, láàárín àwo sí àwo. Ìyá Aláwo wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ẹ̀rọ alọta ń ké láti òwúrọ̀, kò sí ohun tó ṣe. Àwọn àwo ń dún wínníwínní, ṣùgbọ́n wọn kò kúrò lójú kan. Ọ̀sán lọ, alẹ́ ń bọ̀. Nígbà tó ṣe, alọta pa ẹ̀rọ rẹ̀ láti lọ sílé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé kì í dákẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A máa rọra rẹlẹ̀, gbù-gbù-gbù, gbù, gbù, títí yóò fi kú. Bó ti ń rẹlẹ̀ bọ̀, ó dé ibì kan, gbogbo pẹpẹ náà sì gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú! Gàrí inú àárín pákó bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè, ó ń sá lọ sí ìpẹ̀kun méjèèjì níbi tí wọ́n ti kàn án mọ́ igi. Àwo kan rìn, mo ní ó rìn, ó dé etí pẹpẹ, ọwọ́ mi ni mo fi gbà á. Kí n tó mí kanlẹ̀, ẹ̀rọ náà ti rẹlẹ̀ kọjá ibi tí mo wí, ohun gbogbo sì dákẹ́ rọ́rọ́. Àárín ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ohùn Ìyá Ẹlẹ́kọ ti dún lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ọmọ mi, o kú ọjà o, ó dàárọ̀."

Alọta ń kógbá sílé ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Ẹlẹ́kọ náà ń kógbá sílé ní ìrọ̀lẹ́. Ìyẹn nìkan ni ìyá náà mọ̀ nínú ọ̀ràn yìí. Ní òwúrọ̀ ńkọ́, nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ? Ní àkókò yẹn, àwọn àwo ṣì wà nínú àpótí, Ìyá Aláwo kò tíì tú wọn síta.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá ìdí ọ̀rọ̀. Kí ló dé tí pẹpẹ kò gbọ̀n nígbà tí ẹ̀rọ ń sáré gidigidi, tó wá gbọ̀n nígbà tó ń rọlẹ̀? Ẹ rántí okùn tí àwọn ọmọdé máa ń so mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò, tí wọ́n ń fì lórí rẹ̀. Okùn náà ní ìwọ̀n tó fi ń lọ tó fi ń bọ̀. Bí ẹ bá ń tì í ní ìtìkutì, ẹ óò kàn dá ara yín lágara. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró kó padà dé, tí ẹ wá fi ìka kan tì í ní àkókò tó fẹ́ lọ, tí ẹ sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, ọmọ yóò fò dé àárín ewé. Kì í ṣe agbára ló gbé e dé ibẹ̀, bí kò ṣe àsìkò.

Bẹ́ẹ̀ ni ohun gbogbo láyé ṣe rí. Pákó, irin, ògiri, afárá, awọ ìlù, kódà eyín inú ẹnu ìyarun, olúkúlùkù ló ní iye ìgbà tí ó fẹ́ láti gbọ̀n bí ohun kan bá kàn án. Àwọn onímọ̀ ń ka iye yìí. Bí nǹkan bá gbọ̀n lọ gbọ̀n bọ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, wọ́n ń pè é ní hertz kan, ní ìrántí Heinrich Hertz, onímọ̀ ọmọ Jámánì. Bí ẹni tí ń tì í bá ń tì í ní iye ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́, ìtì kékeré yóò jọ ara wọn, yóò di ńlá. Pẹpẹ Ìyá Aláwo ní iye tirẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ ń sáré, ó yára ju iye yẹn lọ. Nígbà tó ń rọlẹ̀, ó gba àárín rẹ̀ kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé.

Ẹ̀tàn gàrí tí mo fi mú olè yìí, èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Ọmọ Jámánì mìíràn, Ernst Chladni, ló kọ ìwé jáde ní 1787 nípa bó ṣe ń da iyanrìn sórí páànù irin, tí yóò wá fi ọrun gòjé àwọn Òyìnbó fa etí páànù náà. Iyanrìn á sá kúrò níbi tó ń gbọ̀n, á kó jọ síbi tí kò gbọ̀n, á sì ya àwòrán tó lẹ́wà. Ẹ̀yin olùkọ́ lè ṣe é fún àwọn ọmọ yín. Ẹ na ọ̀rá bo ẹnu agolo ńlá kí ó le bí awọ ìlù, ẹ wọ́n iyọ̀ sí i, kí ọmọ kan wá súnmọ́ ọn kó kọrin. Wọ́n á fojú ara wọn rí ohùn.

Nísinsìnyí, mo lè wá dá ọmọ kíláàsì kẹfà lóhùn. Ọmọ mi, ẹsẹ̀ ènìyàn kò wúwo ju ọkọ̀ akẹ́rù lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù kì í tẹ afárá ní àtẹ̀gbà-àtẹ̀gbà bí ìlù. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin 1831, sójà 74 ń kọjá lórí afárá Broughton, nítòsí Manchester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀wọ̀n irin ni wọ́n fi gbé afárá náà kọ́. Ẹsẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń gbé. Wọ́n rí i pé afárá ń fò lábẹ́ wọn, ó dùn mọ́ wọn, wọ́n wá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i. Lójijì, irin kan já, afárá dẹnu bolẹ̀, nǹkan bí 40 nínú wọn sì bọ́ sínú odò. Kò sẹ́ni tó kú, nítorí odò kò jìn, ṣùgbọ́n nǹkan bí 20 fara pa. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti pàṣẹ fún sójà Gẹ̀ẹ́sì pé bí wọ́n bá dé orí afárá, kí olúkúlùkù máa rìn bó ti wù ú.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé àṣẹ nìkan tó. Ní 1850, ní ìlú Angers ní ilẹ̀ Faransé, àwọn sójà ń kọjá lórí afárá kan nígbà tí ìjì ń jà. Wọn kò jùmọ̀ gbé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjì ń fi afárá, àwọn náà sì ń fì tẹ̀ lé e kí wọ́n má baà ṣubú, bí wọ́n ti ń fì ni wọ́n ń ràn án lọ́wọ́. Ìpẹtà ti jẹ okùn irin rẹ̀ nínú ilẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Afárá já, ó sì lé ní 200 sójà tó kú. Ẹ fi èyí sọ́kàn: gbígbọ̀n ló wó o, ṣùgbọ́n ìpẹtà ló ti ṣílẹ̀kùn fún un.

Irú èyí ṣẹlẹ̀ ní London láyé ìsinsìnyí, nígbà tí ọgbọ́n ti pọ̀ tó báyìí. Wọ́n ṣí afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Millennium sórí odò Thames ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà 2000. Èrò rọ́ débẹ̀. Afárá náà bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún fì sósì. Bó ti ń fì, àwọn èèyàn ń la ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí wọ́n lè dúró dáadáa, láìmọ̀ rárá pé àwọn ló ń tì í sí i. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún wọn. Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn náà, wọ́n tì í pa. Wọ́n kan oríṣiríṣi ohun tí ń pa gbígbọ̀n mọ́ ọn lábẹ́, wọn kò sì tún ṣí i títí di oṣù kejì 2002. Ó dúró gbọn-in títí di òní.

Kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ní 1940, afẹ́fẹ́ tí kò tó èyí tí ń ṣí òrùlé ilé ló yí afárá Tacoma Narrows po bí ẹni ń fún aṣọ, títí tó fi já sínú omi. Oṣù mẹ́rin péré ni ó lò láyé. Afárá náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó fúyẹ́ jù, bó sì ti ń yí ni afẹ́fẹ́ ń rí ibi dì mú láti tún yí i sí i. Kò sí ènìyàn tó bá a lọ, ajá kan ṣoṣo ló kú sínú ọkọ̀ tí olówó rẹ̀ fi sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ilẹ̀ pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Mẹ́síkò ní oṣù kẹsàn-án 1985, ibi tó ti ṣẹ̀ jìnnà sí olú-ìlú wọn ní ohun tó lé ní 350 kìlómítà. Síbẹ̀ olú-ìlú ló jìyà jù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló kú. Ìdí ni pé orí ẹrẹ̀ adágún àtijọ́ ni wọ́n kọ́ apá kan ìlú náà sí. Ẹrẹ̀ yẹn ń lọ ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì-méjì, iye yìí sì bá ti àwọn ilé alájà mẹ́fà sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mu. Àwọn ilé wọ̀nyí ló wó jù. Ọ̀pọ̀ ilé pẹtẹlẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kò wó.

Bí gbígbọ̀n bá lè ṣe irin àti ilẹ̀ báyìí, kí ni kò ní ṣe fún ẹran ara? Ní 1918, obìnrin oníṣègùn ọmọ Amẹ́ríkà kan, Alice Hamilton, lọ wo àwọn agbẹ́kùúta ní ìlú Bedford, ní ìpínlẹ̀ Indiana. Òòlù tí afẹ́fẹ́ ń gbá ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ó rí i pé ní òwúrọ̀ tí òtútù bá mú, ìka wọn á funfun bí òkú, wọn kò ní lè di bọ́tìnnì aṣọ wọn. Gbígbọ̀n òòlù náà ti ba àwọn iṣan kéékèèké tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ìka jẹ́. Àrùn yìí a máa wọlé jẹ́jẹ́, bó bá sì ti wọlé tán, kì í fẹ́ jáde. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò tí ń fi ẹ̀rọ gé igi, tí ń fi ẹ̀rọ lọ irin, tàbí tí ń fọ́ òkúta, ẹ kìlọ̀ fún wọn. Kí wọ́n máa sinmi láàárín iṣẹ́. Kí wọ́n má ṣe fi ẹ̀rọ tí kò mú ṣiṣẹ́. Kí wọ́n má ṣe di ẹ̀rọ mú ju bó ti yẹ lọ. Bí ìka bá sì ń ta wọ́n ṣínṣín tàbí tó ń kú lálẹ́, kí wọ́n tètè lọ rí dókítà. Kí wọ́n má ṣe ní iṣẹ́ ló rẹ̀ wọ́n.

Kí ẹ má baà rò pé ibi nìkan ni gbígbọ̀n ń ṣe, ẹ rántí pé òun náà ni gbogbo ohun tí a ń gbọ́. Etí ènìyàn ń gbọ́ láti bí 20 hertz dé 20,000. Nígbà tí onídùndún bá fún ọ̀sán mọ́ abẹ́ apá, awọ á le, á gbọ̀n yára, ohùn á lọ sókè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á lọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni igi àti awọ ṣe ń ki ọba. Ohùn tó ga ju èyí tí etí lè gbọ́ lọ ni wọ́n sì fi ń wo ọmọ inú aboyún ní ọsibítù, tí ìyá yóò fi rí orí ọmọ rẹ̀ kó tó bí i.

Ẹ jẹ́ ká padà sí àdúgbò wa. A ránṣẹ́ sí bàbá mẹkáníìkì kan tó ti ń tún ẹ̀rọ ṣe láti ìgbà èwe. Kò bi wá ní ohun púpọ̀. Ó ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e bí ẹni ń wo ibà ọmọ, ó sì ní, "Tíṣà, bóòtù méjì ti tú nídìí ẹ̀rọ yìí." A wò ó, òótọ́ ni: nínú bóòtù mẹ́rin tó dì í mọ́ ilẹ̀, méjì ti tú. Ó dè wọ́n, ó ki rọ́bà táyà tó nípọn sí abẹ́ rẹ̀, ó sì ní kí Ìyá Aláwo kan igi kan sí abẹ́ àárín pẹpẹ, kí iye tí pẹpẹ fi ń gbọ̀n lè yí padà. Kò ná wọn ju owó àwo mẹ́ta lọ. Láti ọjọ́ náà, àwo kankan kò já bọ́ mọ́.

Ẹ̀yin ará ọjà, mo bẹ̀ yín, bí ẹ̀rọ yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ẹ má ṣe ní bó ti máa ń ṣe nìyẹn. Ó ń sọ ohun kan fún yín. Ẹ wo bóòtù, ẹ wo bẹ́líìtì, ẹ wo ògiri bóyá ó ti ń sán. Jẹnẹrétọ̀ kò yẹ kó fara ti ògiri ilé. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ bá béèrè ìbéèrè tó jọ ẹ̀rín, ẹ má ṣe nà án.

Ìyá Aláwo ńkọ́? Lọ́jọ́ tí bàbá mẹkáníìkì ṣe iṣẹ́ náà tán, ó kó àwo tuntun mẹ́fà sínú agbọ̀n, ó sọdá títì, ó sì kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Ẹlẹ́kọ lójú gbogbo ọjà. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ fi orí jì mí." Ìyá àgbà wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, dìde. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ. Ọ̀nà mìíràn wà tí mo lè máa gbà lọ sílé. Ṣùgbọ́n mo ní bí mo bá yà, wọ́n á ní èmi ni lóòótọ́."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára títí di òní. Kí a tó nàka sí ẹni tí ń kọjá lọ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́wọ́ lé pẹpẹ.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ire o.